Ta Ló Mọ Yàrá Tí Màmá Ń Sùn?

Alága, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin ayálégbé tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé yín sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín o. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ló pè mí. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ará àdúgbò ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ bí àjálù bá dé. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tètè là á mọ́lẹ̀, mi ò wá wàásù pé kí ẹ máa ṣàánú. Nínú gbogbo àjálù tí mo ti kà nípa rẹ̀, àti èyí tó ṣojú mi, àánú kì í wọ́n lọ́jọ́ náà. Nǹkan mìíràn ló máa ń wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú níbí mọ Omíyalé, omi tó ya wọ Ìbàdàn. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Òjò fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá rọ̀. Odò Ògùnpa ti kún rí, ó kún ní 1960, ó tún kún ní 1978, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yìí kọjá bẹ́ẹ̀. Ó gbé mọ́tò, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn. Òkú tí wọ́n rí kó jọ ju 200 lọ. Àwọn tí kò nílé lórí mọ́ tó 50,000. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro iye yẹn wò. Ilé ìwé wo, ṣọ́ọ̀ṣì wo, mọ́ṣáláṣí wo ló lè gba 50,000 èèyàn lálẹ́ ọjọ́ kan? Ọ̀pọ̀ wọn, pálọ̀ ẹlòmíràn ni ilẹ̀ mọ́ bá wọn. Ta ló fẹ́ ka iye ẹní tí wọ́n tẹ́ ní Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ náà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, ẹ ò bá ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ bá ti ọdún 2011. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ. Ààwẹ̀ ti di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Òru tó ń bọ̀ yẹn sì ni òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n, òru tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí máa ń fi àìsùn wá Lailatul-Qadri. Òjò tó rọ̀ tó mìlímítà 187.5, láàárín wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀. Omi adágún Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, afárá Apẹ̀tẹ̀ wó, ẹja inú ọ̀sìn ẹja Yunifásítì Ìbàdàn bá omi lọ. Àwọn tó kú lé ní 100. Ẹlòmíràn ti po kókó tó fẹ́ fi ṣínu sílẹ̀, omi ló bá a mu ún.

Àdúgbò tí mò ń gbé nígbà náà wà létí odò kékeré kan tí a kì í kà sí odò rárá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lóru ọjọ́ yẹn, iná mànàmáná ò sí, omi ti dé ìdí fèrèsé, a wá ń pe orúkọ ara wa nínú òkùnkùn. Bàbá Ṣadé, ẹ wà níbẹ̀? Mo wà níbẹ̀! Ìyá Túndé ńkọ́? Wọ́n ti gòkè, wọ́n wà lọ́dọ̀ Àlájà! Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè títí tí omi fi fà. Ẹni tí a bá pè tí kò dáhùn, àwọn géńdé á so okùn mọ́dìí, wọ́n á wọ́dò lọ wò ó. Mi ò lè gbàgbé okùn yẹn. Okùn ìfami ni, ti kànga ilé ẹnì kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá kan wà ládùúgbò tó ń ránṣọ. Omi wọ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ náà, ó ba ẹ̀rọ ìránṣọ jẹ́, ó gbé aṣọ oníbàárà tí wọ́n fẹ́ fi ṣọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ lọ. Áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀ nìkan ló kù. Irin ni, omi ò rí i gbé. Obìnrin yìí wá èédú gbígbẹ, ó finá sí i, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ẹni tí ìwé rẹ̀ bá tutù máa kó o bọ̀. Sátífíkéètì, ìwé ilẹ̀, káàdì ìbí ọmọ. Á tẹ́ ìwé sáàárín àńkárá méjì, á rọra fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, á ṣí i wò, á tún lọ̀ ọ́. Fọ́tò ò ṣe é lọ̀, ìyẹn ló ń fi pẹ́ẹ̀gì kọ́ sórí okùn. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, gbèsè aṣọ àwọn oníbàárà wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà lórí ìlà tó kó sátífíkéètì tirẹ̀ dání. Ìyá yìí gbójú sókè, ó ní, "Ìwọ ńkọ́, ilé wo lo ti wá?" Ọmọ náà nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé ìyá náà gan-an. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni. Orí fẹ́ǹsì ló dúró sí mọ́jú. Ó ń gbọ́ bí a ṣe ń pe orúkọ ara wa lóru, ó gbọ́ ti gbogbo èèyàn. Kò sẹ́ni tó pe tirẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ ò lè sọ pé ará àdúgbò yẹn kò láàánú. Àwọn géńdé tó wọ́dò torí ẹlòmíràn ì bá wọ́dò torí tirẹ̀ náà. A ò mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀ ni. Ohun tí mo ní ó máa ń wọ́n nìyẹn, ìmọ̀ tí a ní nípa ara wa kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìnrìn àjò díẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1995, nígbà tí aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ilẹ̀ mì tìtì ní apá ìlú Kobe ní Jàpáànù. Àwọn tó kú lé ní 6,400. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wọn, pákó ni, àwo amọ̀ tó wúwo ni wọ́n sì fi bo òrùlé rẹ̀, nítorí náà òrùlé ló wó lu ẹni tó sùn. Ẹ mọ̀ pé Jàpáànù kì í ṣe ilẹ̀ tí panápaná kò ti ní mọ́tò. Síbẹ̀ ọ̀nà dí, páìpù omi bẹ́ sábẹ́ ilẹ̀, gbogbo àdúgbò sì ń pè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ wọn ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà pé àwọn tó há sábẹ́ ilé tí ẹlòmíràn ní láti yọ jáde tó 35,000. Nínú wọn, ọlọ́pàá, panápaná àti sójà yọ nǹkan bí 8,000. Àwọn 27,000 tó kù, ará ilé àti aládùúgbò ló yọ wọ́n. Jáàkì mọ́tò ni wọ́n fi gbé òpó. Ayùn tí wọ́n fi ń gé igi oko ni wọ́n fi gé àjà.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń mú yín lọ gan-an ni erékùṣù Awaji, tó wà lódìkejì omi sí Kobe. Ìlú kékeré kan wà níbẹ̀ nígbà náà tó ń jẹ́ Hokudan, ìlú àgbẹ̀ àti apẹja, orí ibi tí ilẹ̀ ti là gan-an ló wà. Nǹkan bí 300 èèyàn ni wọ́n yọ láàyè lábẹ́ àwókù níbẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, wọ́n ti mọ ibi tí gbogbo ará ìlú wà, alààyè àti òkú. Ní Kobe, wọ́n ṣì ń wá èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ní Hokudan, àwọn tó ń ṣe panápaná kì í gbowó oṣù. Àgbẹ̀ ni wọ́n, oníṣọ́ọ̀bù ni wọ́n, ọmọ ìlú ni gbogbo wọn. Wọ́n mọ iye èèyàn tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ yàrá tí màmá arúgbó ń sùn, apá ibi tó ń kọ orí sí. Nígbà tí ilé ti di òkìtì pákó àti amọ̀, wọn ò wú gbogbo rẹ̀. Ibi tí orí màmá wà ni wọ́n gbẹ́ lọ tààrà.

Mo rí i pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ń sọ nínú ara yín pé àmẹ́bọ là ń pe ẹni tó mọ yàrá tí onílé ń sùn. Ó dáa. Àmẹ́bọ wúlò ju ọlọ́pàá lọ lọ́jọ́ tí ilé bá wó. Èmi ò mọ̀ bóyá mo lè sọ ìyẹn níwájú DPO, ṣùgbọ́n mi ò rí wọn níbí.

Ẹnì kan lè ní Jàpáànù ni ìyẹn, pé àwọn yẹn fẹ́ràn ara wọn látilẹ̀. Rárá o. Ilẹ̀ yẹn kan náà mì ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1923, ní agbègbè Tokyo àti Yokohama, iná sì jó ohun tó kù. Láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri pé àwọn ará Kòríà tó ń ṣiṣẹ́ láàárín wọn ń fi májèlé sínú kànga. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n aládùúgbò yọ idà àti ọ̀kọ̀ oníparun, wọ́n kóra jọ ní ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́, wọ́n dí oríta. Ẹni tó bá ń kọjá, wọ́n á ní kó pe owó kan, yẹ́ẹ̀nì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti sẹ́ẹ̀nì àádọ́ta, lédè Jàpáànù. Bí ahọ́n rẹ̀ bá kọ́, wọ́n á pa á. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n pa, àwọn ará Ṣáínà náà wà nínú rẹ̀, títí kan ọmọ Jàpáànù tí èdè agbègbè tiwọn yàtọ̀. Àwọn tó pa wọ́n kì í ṣe ọ̀daràn láti ibì kankan. Oníṣọ́ọ̀bù ni wọ́n, káfíńtà ni wọ́n. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń sọ pé aládùúgbò lọlá.

Ẹ wá padà sí Kobe ní 1995. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Nagata, ibi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà rọ́bà. Àwọn ará Kòríà pọ̀ níbẹ̀, àwọn ará Vietnam tí ogun lé wá pọ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn sì jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ kéékèèké kan náà pẹ̀lú ọmọ onílẹ̀. Iná jó Nagata ju ibi púpọ̀ lọ. Kò sí kànga tí wọ́n sọ pé ẹnikẹ́ni sọ májèlé sí. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Takatori, tí òun náà jóná, ni wọ́n sọ di ibùdó ìrànwọ́. Ibẹ̀ ni rédíò kékeré kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lédè Vietnam àti àwọn èdè mìíràn ibi tí omi wà, ibi tí ilé ìwòsàn wà. Àwọn ará Kòríà ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn kí oṣù Kìíní tó parí. Ẹ̀jẹ̀ ara àwọn ará Jàpáànù kò yí padà láàárín 1923 sí 1995. Ní Nagata, ẹni tí wọ́n jọ ń ran bàtà lójoojúmọ́ kò ṣe é pè ní amájèlé.

Ọ̀rọ̀ àlejò pátápátá wá ńkọ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí, tí ìwọ náà ò mọ̀? Àánú tirẹ̀ náà wà, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu. Ní Mexico City, ilẹ̀ mì ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, ní nǹkan bí aago méje kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún àárọ̀. Ìjọba kọ́kọ́ ní àwọn ò nílò ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn ọ̀dọ́ ò dúró de ìjọba. Wọ́n ń rá wọ inú ihò láàárín kọnkéré, wọ́n ń fà èèyàn jáde. Wọ́n sọ àwọn kan lára wọn ní Topos, ìyẹn ẹranko kan tó ń gbé inú ilẹ̀ bí òkété wa. Ẹgbẹ́ yẹn wà títí dòní, wọ́n sì máa ń lọ sí ilẹ̀ mìíràn tí ilẹ̀ bá ti mì.

Nígbà tó di 2017, ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án náà ni, wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ìlú ṣe ìdánrawò ní ìrántí ti 1985, ilẹ̀ tún mì. Ẹ máa rí i nínú fídíò: ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn tó lara wọn lórí ìlà, wọ́n ń gba bọ́kẹ́ẹ̀tì àlàpà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Lójijì ẹnì kan lórí òkè àwókù á di ẹ̀ṣẹ́, á na ọwọ́ sókè. Ẹni tó rí i á na tirẹ̀. Bó ṣe ń lọ títí dé ìparí òpópónà nìyẹn, ọwọ́ gbogbo èèyàn lókè, ẹ́ńjìnì kú, kò sẹ́ni tó húkọ́. Wọ́n ń tẹ́tí bóyá ẹnì kan ń kan nǹkan nísàlẹ̀.

Bí mo ṣe ń wo fídíò yẹn, Hokudan ló wá sí mi lọ́kàn. Ní Mexico, gbogbo òpópónà ní láti pa ẹnu mọ́ torí pé àwọn tó ń wú ilẹ̀ kò mọ ibi tí ẹni tí wọ́n ń wá wà. Àlejò lè ní àánú tó pọ̀ ju ti aládùúgbò lọ. Ó lè ní irinṣẹ́ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ nìkan ló ní, àti orí ire ẹni tó bá ṣì lágbára láti kan ògiri.

Àánú ọ̀nà jíjìn tún ní àléébù mìíràn tí n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1993 ní erékùṣù Okushiri, ní Jàpáànù náà, àwọn èèyàn káàkiri orílẹ̀-èdè fi aṣọ àlòkù ránṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti kọ́ ilé ìkẹ́rùsí fún un. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n dáná sun níkẹyìn. Ẹ̀yin ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin ìyá àdínì, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó kó àpò jọ. Obìnrin tí omi gbé ilé rẹ̀ lè máa wá páàdì oṣù àti gáàsì, ẹ wá ń kó gáùn ìgbéyàwó ọdún 1998 fún un.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo lọ́kàn mi jù rèé. Lẹ́yìn Kobe, ìjọba kọ́ ilé fún ìgbà díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé, kíákíá. Wọ́n ní arúgbó àti aláàbọ̀ ara ni kó kọ́kọ́ wọlé. Ṣé ẹ rí i, ohun tó dáa ni! Wọ́n ṣẹ́ kèké, ẹni tí kèké bá mú lọ síbi tí ilé rẹ̀ bọ́ sí. Arúgbó láti àdúgbò yìí bọ́ sáàárín arúgbó láti àdúgbò mẹ́wàá mìíràn. Kò sẹ́ni tó mọ ẹnì kejì. Láàárín ọdún mélòó kan, ó ju 200 èèyàn lọ tó kú nínú àwọn ilé yẹn ní òun nìkan, tí a wá ṣílẹ̀kùn bá wọn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀. Ilẹ̀ tó mì kò pa wọ́n, òtútù kò pa wọ́n. Bàbá tó ti fi ogójì ọdún jí kí aládùúgbò rẹ̀ láràárọ̀ kò rẹ́ni kí mọ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé kò jáde lónìí. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní agbègbè Niigata ní 2004, wọ́n ti kọ́gbọ́n: àwọn ará abúlé Yamakoshi, wọ́n kó wọn pa pọ̀, kí aládùúgbò lè ṣì wà nítòsí aládùúgbò.

Yorùbá ní èèyàn laṣọ. Ó dáa, ṣùgbọ́n aṣọ tí a kò bá tíì rán, a kì í wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ òtútù. Nígbà tí bàbá wa ń ṣe àáró lóko, tí wọ́n ń bẹ ọ̀wẹ̀ láti fi kọ́lé, iṣẹ́ oko àti ilé nìkan kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ti bá ọ pọn omi amọ̀ ilé rẹ mọ ibi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà. Lónìí, ilé wa ga ju tiwọn lọ, fẹ́ǹsì wa ga ju ilé tiwọn gan-an lọ. Mo wo òpópónà yín kí n tó wọlé. Géètì méjì ló ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan létí odò, ẹ máa ń tì wọ́n láago mọ́kànlá. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn, mo mọ ohun tí olè ń ṣe. Mo kàn bi yín: bí òjò 2011 bá tún rọ̀ láago kan òru, lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ géètì ìsàlẹ̀ wà?

Nígbà tí mo bi wọ́n báyìí, gbọ̀ngàn dá méjì. Àwọn kan ní ọwọ́ Málàm tó ń ṣọ́ géètì ni. Àwọn kan ní ọwọ́ akápò. Akápò dìde, ó ní òun ti dá a padà láti oṣù Kẹta. Alága ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Mo ní kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo fẹ́ parí, ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀.

Bàbá kan bi mí pé bí kọ́kọ́rọ́ bá pọ̀ níta, ṣé olè kò ní rí ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n ṣe mẹ́ta péré, kí ọ̀kan wà nílé tó sún mọ́ géètì jù lọ ní ìhà méjèèjì, kó má ṣe jẹ́ nílé ẹni tó máa ń rìnrìn àjò, kí okùn tó gùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá kan ní ṣé kí wọ́n kọ orúkọ arúgbó àti ẹni tí kò lè rìn sórí WhatsApp àdúgbò. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. WhatsApp kan náà ni wọ́n máa fi gbé irọ́ kànga kiri bí ọjọ́ bá pé, ẹ̀yin náà ò sì mọ ẹni tó ń kà á. Kí wọ́n lo ìwé kíkọ ọmọ ilé ìwé, kó wà lọ́wọ́ obìnrin méjì tó ń ta ọjà lójú títì, torí pé àwọn ló ń rí ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Kí wọ́n kọ orúkọ, yàrá, àti bóyá ẹni náà ń gbọ́ràn dáadáa. Kí wọ́n ka ayálégbé mọ́ ọn, títí kan ẹni tó kó dé lánàá.

Ìyá náà ní òun ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé kẹta, òun á gba ọ̀kan nínú ìwé yẹn. Ó bèèrè ẹni tó máa ra bírò.